Iná Tí Ọlọ́hun Fi Sínú Ọkàn: Ẹ Má Fọwọ́ Yẹpẹrẹ Mú Dídákú

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí, inú mọ́ṣáláṣí wa gan-an ni ó ti bẹ̀rẹ̀. A ó sì sọ ọ́ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀, bí apá kan rẹ̀ tilẹ̀ ń ti àwa fúnra wa lójú.

Ní ọjọ́ kan tí a ń kí ìrun Àsárì, Bàbá Ládánì wa, tí wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ń dìde láti orí ìforíkanlẹ̀ ni wọ́n bá ṣubú gbì. Àwọn kan ń fẹ́ wọn, àwọn kan ń da omi sí wọn lórí. Ẹnì kan ń pariwo pé kí á ki ṣíbí bọ̀ wọ́n lẹ́nu, ẹlòmíràn ní ọwọ́ ayé ni. Kò tó ìṣẹ́jú kan tí Bàbá fi lajú. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Ó rẹ̀ mí ni, ẹ má dààmú.” A ṣe Alihamudulilahi, a fún wọn ní omi mu, a sì jẹ́ kí wọ́n fẹsẹ̀ rìn lọ sílé. Kò sí ẹnì kan nínú wa tí ó fọwọ́ kan ọrùn ọwọ́ wọn wò. Àṣìṣe wa nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, wọ́n tún dákú níbi àlùwàlá. Lọ́jọ́ yìí, Alhaja kan tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì wà nítòsí. Wọn kò pariwo, wọn kò da omi. Wọ́n fi ìka méjì lé ọrùn ọwọ́ Bàbá, wọ́n sì ń wo aago. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, wọ́n ní, “Mẹ́rìndínlógójì. Ọkàn tí ó yẹ kí ó lù tó ọgọ́ta, mẹ́rìndínlógójì péré ni ó lù. Ẹ wá mọ́tò báyìí.”

Nígbà tí a dé ọsibítù, dókítà ní kí Bàbá lọ ṣe ECG, àyẹ̀wò iná ọkàn. Bí wọ́n ti gbọ́ “iná” ni wọ́n dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. “Iná wo? Iná tí ń pa ènìyàn lórí òpó yìí ni ẹ fẹ́ so mọ́ mi láyà? Ẹ gbé mi padà sílé.” Wọ́n yíjú sí wa pé kí á gba àwọn sílẹ̀. Àwa tí a tẹ̀ lé wọn lọ kò mọ èsì tí a lè fún wọn, nítorí ẹ̀rù ń ba àwa náà. Ìdí nìyí tí a fi lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn onímọ̀ ìlera, tí a sì kàwé sí i, kí ìdílé Mùsùlùmí mìíràn má baà ṣe bíi tiwa.

Ṣé iná wà nínú ara ènìyàn?

Bẹ́ẹ̀ ni, ó wà. Àwọn apẹja wa ti mọ̀ tipẹ́tipẹ́ pé iná lè gbé inú ẹran ara. Ẹni tí ó bá fọwọ́ kan ẹja òjìjí nínú omi, gbogbo apá rẹ̀ ni yóò gbọ̀n rìrì. Ẹja náà kò ní wáyà, bẹ́ẹ̀ ni kò gbé okúta tọ́ọ̀ṣì. Inú ara rẹ̀ ni ó ti ń pèsè iná náà. Ní ọdún 1791, ọ̀mọ̀wé kan ní ìlú Bologna ní Ítálì, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Luigi Galvani, tẹ ìwé jáde lórí ohun tí ó rí nígbà tí ó ń ṣe ìwádìí lórí ọ̀pọ̀lọ́: ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀lọ́ tí ó ti kú ń ta pọ́ún bí iná bá kan iṣan rẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn onímọ̀ ti ń tọpa iná inú ara, wọ́n sì rí i pé òun ni ọpọlọ fi ń rán iṣẹ́ sí ọwọ́ àti ẹsẹ̀, òun náà ni ọkàn fi ń lù.

Iyọ̀ ni ó ń mú iná yìí wá. Omi ara wa ní iyọ̀ nínú, gẹ́gẹ́ bí ẹnikẹ́ni tí ó bá tọ́ òógùn tàbí omijé rẹ̀ lá yóò ti mọ̀. Ẹyọ iyọ̀ wọ̀nyí, sodium, potassium àti calcium, gbé iná díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́. Ẹran ọkàn kún fún àwọn yàrá kéékèèké tí ojú kò lè rí, yàrá kọ̀ọ̀kan sì ní àwọn ilẹ̀kùn tíntìntín lára. Nígbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí, sodium àti calcium a wọlé, potassium a sì jáde. Wíwọlé àti jíjáde yìí ni iná ara. Nígbà tí ẹran ọkàn bá ń sinmi, iná tí ó wà láàrin inú yàrá kọ̀ọ̀kan àti ìta rẹ̀ kò ju bí 90 nínú ẹgbẹ̀rún kan volt lọ. Okúta tọ́ọ̀ṣì kékeré tí a ń kì bọ rédíò jẹ́ volt kan ààbọ̀. Nítorí náà, iná ọkàn kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀. Kò lè gbé ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n bí ó bá kú, ènìyàn kú nìyẹn.

Bí ọkàn ṣe ń kírun tirẹ̀

Ẹ jẹ́ kí á fi mọ́ṣáláṣí ṣe àpèjúwe. Nínú mọ́ṣáláṣí ńlá, Lèmọ́mù ni ó ń ṣe kábárà. Àwọn tí ó wà ní sàfù ẹ̀yìn lè má gbọ́ ohùn rẹ̀, nítorí náà ẹnì kan wà láàrin tí yóò gba ohùn náà, tí yóò tún un pè, kí gbogbo sàfù lè tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọkàn rí. Yàrá ńláńlá mẹ́rin ni ó ní, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Ní òkè yàrá apá ọ̀tún ni ibì kékeré kan wà tí ń bẹ̀rẹ̀ iná náà fúnra rẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pàṣẹ fún un. Òun ni Lèmọ́mù ọkàn. Arthur Keith àti Martin Flack ni wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ ní ọdún 1907. Bí ó bá ti ṣe kábárà, yàrá méjì òkè a fún ẹ̀jẹ̀ wọn sí ìsàlẹ̀. Láàrin òkè àti ìsàlẹ̀ ni agbohùn wà, èyí tí Sunao Tawara, ọmọ ilẹ̀ Japan tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Jámánì, ṣàlàyé ní ọdún 1906. Agbohùn yìí kì í kánjú. A dúró fún bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá, kí ẹ̀jẹ̀ lè kún yàrá ìsàlẹ̀ dáadáa, kí ó tó gbé ohùn náà kọjá. Lẹ́yìn náà ni yàrá méjì ìsàlẹ̀ a fún, tí ẹ̀jẹ̀ a sì lọ sí ẹ̀dọ̀fóró àti sí gbogbo ara.

Èyí ń ṣẹlẹ̀ ní bí ìgbà 60 sí 100 láàrin ìṣẹ́jú kan fún àgbàlagbà tí ó jókòó jẹ́ẹ́. Bí ẹ bá ṣe ìṣirò rẹ̀, ó tó bí ìgbà 100,000 láàrin ọjọ́ kan. Ẹ ṣe súbùhánáláhì.

Bí àìsàn bá wá, ọ̀nà tí ó ń gbà wá pọ̀. Bí Lèmọ́mù bá wà lẹ́nu iṣẹ́ ṣùgbọ́n tí ohùn agbohùn ti há, sàfù ẹ̀yìn kò ní gbọ́ nǹkan kan. Ìsàlẹ̀ ọkàn kò ní torí ìyẹn dá iṣẹ́ dúró. Yóò máa dá pe ti ara rẹ̀, ṣùgbọ́n yóò falẹ̀, bí 30 sí 40 láàrin ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀jẹ̀ kò ní tó ọpọlọ mọ́, ènìyàn yóò sì dákú. Ohun tí ó ṣe Bàbá Ládánì nìyẹn. Àìsàn mìíràn wà tí ó jẹ́ pé gbogbo ènìyàn ní sàfù iwájú ni ó ń ṣe kábárà tirẹ̀. Òkè ọkàn yóò máa gbọ̀n, lílù rẹ̀ yóò sì di játijàti. Ẹ̀jẹ̀ lè dì sínú ọkàn bẹ́ẹ̀, kí ó sì ta lọ sí ọpọlọ, kí ó fa rọpárọsẹ̀. Èyí tí ó burú jù ni kí ìdàrúdàpọ̀ náà dé yàrá ìsàlẹ̀. Ọkàn yóò máa gbọ̀n, kò ní fún ẹ̀jẹ̀ kankan jáde. Bí wọn kò bá tètè ṣe nǹkan sí i, láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yóò bẹ́yìn yọ.

ECG kì í fi iná sí ènìyàn lára

Kí ECG tó dé, ọwọ́ ni àwọn oníṣègùn fi ń mọ bí ọkàn ṣe ń lù. Ibn Sina, Mùsùlùmí oníṣègùn tí ó kú ní ọdún 1037, ya apá kan sọ́tọ̀ nínú ìwé ńlá rẹ̀, Al-Qanun, fún oríṣiríṣi ọ̀nà tí iṣan ọrùn ọwọ́ ń gbà lù. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kò lè mọ bí iná ọkàn ṣe ń rìn láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Ẹni tí ó ṣe ẹ̀rọ tí ó là á wò ketekete ni Willem Einthoven. Erékùṣù Java ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1860, ní ìlú Semarang, lórí ilẹ̀ tí ó ti di Indonesia lónìí. Ní Leiden, ní ilẹ̀ Họ́láńdì, ni ó ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ rẹ̀ tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí ó wúwo tó bí 270 kílò, ènìyàn márùn-ún ni ó sì ń darí rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń yẹ̀ wò yóò ki ọwọ́ àti ẹsẹ̀ bọ inú ike omi iyọ̀, nítorí pé omi iyọ̀ máa ń jẹ́ kí iná kọjá. Ní ọdún 1905, ó fi wáyà tẹlifóònù gbé iná ọkàn àwọn aláìsàn láti ọsibítù wá sí yàrá iṣẹ́ rẹ̀, tí ó tó kìlómítà kan ààbọ̀ sí ibẹ̀. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1924. Lónìí, ẹ̀rọ náà ti kéré débi pé ènìyàn kan lè gbé e lọ́wọ́.

Ohun tí ó yẹ kí á ti sọ fún Bàbá nìyí: ẹ̀rọ yìí ń gbọ́ ni, kì í sọ̀rọ̀. Bí rọ́bà tí dókítà ń kì sétí ṣe ń gbọ́ ìró àyà láìfi ariwo sí i, bẹ́ẹ̀ ni ECG ń gbọ́ iná tí ó ti wà nínú ọkàn tẹ́lẹ̀, tí ó sì ń yà á sórí ìwé. Kì í dunni, kì í gbóná, kì í gbọnni. Ẹ̀rọ mìíràn ni èyí tí ẹ máa ń rí nínú fíìmù, tí wọ́n fi ń gbé ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti dáwọ́ dúró fò lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ má ṣe da méjèèjì pọ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Aláìsàn yóò dùbúlẹ̀, wọ́n yóò lẹ nǹkan pẹlẹbẹ mẹ́wàá mọ́ ọn lára: mẹ́rin lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀, mẹ́fà láyà. Kí ó má ṣe mira, kí ó má sọ̀rọ̀. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá péré ni ẹ̀rọ fi ń kọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn sílẹ̀. Ẹ wẹ̀ dáadáa kí ẹ tó lọ, ẹ má sì fi òrí, ìpara tàbí òróró pa àyà lọ́jọ́ náà, nítorí pé kì í jẹ́ kí nǹkan náà lẹ̀ mọ́ ara.

Ẹ̀yin ìyá àti arábìnrin wa, a mọ̀ pé ọ̀rọ̀ bíbo ara jẹ yín lógún. Kò yẹ kí ó dí yín lọ́wọ́. Ẹ lè béèrè pé kí obìnrin ṣe é fún yín. Ẹ lè ní kí wọ́n fa kọ́tìnì, kí wọ́n sì fi aṣọ bò yín ní kété tí wọ́n bá lẹ̀ ẹ́ tán. Kò sí ohun tí ó kan orí nínú rẹ̀, nítorí náà híjáàbù yín lè wà lórí. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ má ṣe fi ìtìjú di ìyàwó yín lọ́nà ìlera. Ẹ bá a lọ.

Ohun kan ku. Bí ECG bá fi hàn pé gbogbo rẹ̀ dára, ìyẹn kò ní kí á máa sùn bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ti parí bí ènìyàn bá tún ń dákú. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá náà ni ẹ̀rọ fi gbọ́. Olè tí kò wá lọ́jọ́ tí a ṣọ́nà lè wá lọ́jọ́ kejì. Dókítà lè ní kí aláìsàn gbé ẹ̀rọ kékeré kan sára fún wákàtí 24 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Dídákú wo ni kí á bẹ̀rù?

Kì í ṣe gbogbo dídákú ni ti ọkàn. Ẹni tí ó dúró pẹ́ nínú oòrùn ní yídì, ẹni tí ebi ń pa, tàbí ẹni tí ó rí ẹ̀jẹ̀ tí àyà rẹ̀ já, irú wọn lè dákú. Òòyì a kọ́kọ́ kọ́ ọ, òógùn a bò ó, ojú rẹ̀ a ṣú. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè díẹ̀, ẹ fún un láfẹ́fẹ́, ẹ má sì fi agbára gbé e dìde. Ẹ má ki ṣíbí tàbí ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Yóò jí láìpẹ́.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí, ẹ lọ sí ọsibítù, kí ẹ sì béèrè fún ECG:

Ẹni tí ó ṣubú lójijì láìsí òòyì tàbí àmì kankan tẹ́lẹ̀.

Ẹni tí ó dákú nígbà tí ó ń sáré, tí ó ń gbá bọ́ọ̀lù, tàbí tí ó ń gbé ẹrù, pàápàá bí ó bá jẹ́ ọmọdé tàbí ọ̀dọ́.

Ẹni tí ó dákú nígbà tí ó dùbúlẹ̀ tàbí tí ó jókòó.

Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń lù kìkì, tí àyà sì ń dùn ún tàbí tí èémí kò tó o.

Ẹni tí ìbátan rẹ̀ kan ti kú ikú òjijì nígbà tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò tíì pọ̀.

Ẹ fi ojú sí èyí tí ó gbẹ̀yìn yẹn. Nínú ọ̀pọ̀ ìdílé wa, bí ọ̀dọ́ bá ṣubú tí ó kú, a ó ní ayé ni, a ó sì pa ẹnu mọ́. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, àbúrò rẹ̀ náà a tún ṣubú. Àwọn àìsàn iná ọkàn kan wà tí ó ń rìn nínú ẹ̀jẹ̀ ìdílé. Bí a bá sọ òótọ́ fún dókítà, ó lè yẹ àwọn tí ó kù wò kí ó tó pẹ́. Àwọn mìíràn tilẹ̀ wà tí a ti ń pè ní oníwárápá, tí a ń sá fún, tí kò sì sí ẹnì kan tí ó yẹ ọkàn wọn wò rí. Ọkàn tí ó dáwọ́ dúró fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lè mú kí ara gbọ̀n bíi ti wárápá.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn bọ́ọ̀lù kò ní gbàgbé Samuel Okwaraji, tí ó ṣubú ní pápá ìṣeré Sùúrùlérè, ní Èkó, ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún 1989, nígbà tí Nàìjíríà ń bá Àǹgólà gbá. Ọmọ ọdún 25 ni. Àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ikú rẹ̀ fi hàn pé ọkàn rẹ̀ tóbi ju bí ó ti yẹ lọ, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ń ru. Ní ọdún 2003, Marc-Vivien Foé ti Kamẹrúùnù ṣubú bẹ́ẹ̀ ní ìlú Lyon, òun náà sì lọ. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2021, nígbà tí Christian Eriksen ti Denmark ṣubú ní Copenhagen, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àyà rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, wọ́n sì fi ẹ̀rọ tọ́ iná ọkàn rẹ̀ sọ́nà. Ó jí, ó sì padà wá gbá bọ́ọ̀lù fún orílẹ̀-èdè rẹ̀. Ọwọ́ Ọlọ́hun ni ẹ̀mí wà, ṣùgbọ́n Ọlọ́hun kan náà ni ó fi ìmọ̀ sí ọwọ́ àwọn tí ó wà nítòsí rẹ̀.

Ẹ kọ́ ìka méjì

Gbogbo ìdílé ni ó lè ṣe ohun tí Alhaja ṣe. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí ẹ bá ti kírun tán, tí ẹ jókòó ti tẹ̀súbáà, àsìkò dáadáa nìyẹn. Ẹ yí àtẹ́lẹwọ́ sókè, ẹ fi ìka ìfábẹ̀là àti ìka àárín lé ọrùn ọwọ́, ní ìhà àtàǹpàkò. Ẹ má lo àtàǹpàkò fúnra rẹ̀, nítorí iṣan inú rẹ̀ lè tàn yín jẹ. Ẹ ka lílù náà fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Ohun méjì ni ẹ ń wá: mélòó ni, ṣé ó sì ń lù déédéé bí ìgbésẹ̀ ẹni tí ń rìn, tàbí ó ń sáré, ó ń dúró, láìní ètò?

Ti ọmọdé máa ń yára ju ti àgbà lọ. Ti ẹni tí ó máa ń sáré dáadáa lè dín sí 60 láìsí àìsàn. Ṣùgbọ́n bí ti àgbàlagbà bá wà lábẹ́ 50 tí òòyì sì ń kọ́ ọ, tàbí tí ó ń kọjá 100 nígbà gbogbo bí ó tilẹ̀ jókòó jẹ́ẹ́, tàbí tí ó ń lù játijàti, ẹ má dúró dìgbà tí yóò ṣubú. Ẹ lọ rí dókítà.

Ohun tí ń da iná ọkàn rú

Ẹ̀jẹ̀ ríru ni àkọ́kọ́. Ó ń mú ọkàn wú, iná rẹ̀ a sì ṣìnà. Ẹ máa yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò, kí ẹ má sì dá oògùn dúró nítorí pé ara ti fúyẹ́. Bí Ramadan bá ń bọ̀, ẹni tí ó ń lo oògùn ọkàn tàbí ti ẹ̀jẹ̀ ríru kí ó lọ bá dókítà rẹ̀ ṣáájú, kí wọ́n jọ ṣètò àsìkò oògùn sí sààrì àti ìṣínu. Bí dókítà bá ní ààwẹ̀ yóò pa á lára, Ọlọ́hun tìkára Rẹ̀ ti ṣe ìrọ̀rùn fún aláìsàn.

Èkejì ni ìgbẹ́ gbuuru àti èébì. Nígbà tí omi bá ń jáde lára, iyọ̀ tí ń ṣe iná ọkàn ń bá a lọ. Ẹ tètè fún aláìsàn ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń pè ní ORS. Bí ẹ bá ń fọ ọwọ́, tí ẹ ń bo oúnjẹ, tí omi mímu yín sì mọ́, ọkàn náà ni ẹ ń dá ààbò bò.

Ẹ̀kẹta ni oògùn tí a ń dà pọ̀. Àwọn oògùn ibà kan wà, bíi halofantrine àti quinine, tí ó lè da iná ọkàn rú, pàápàá bí a bá lò ó pọ̀ mọ́ oògùn mìíràn tàbí tí ọkàn ti ní àìsàn tẹ́lẹ̀. Ẹ má ṣe ra oògùn níwọ̀n ìgbà tí ẹ kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ wa pẹ̀lú, tí wọ́n ń mu ohun mímu agbára agolo lé agolo kí wọ́n tó lọ gbá bọ́ọ̀lù.

Ẹ̀kẹrin ni iná ìta. Iná ilé wa jẹ́ bíi volt 230. Bí ó bá gba àyà kọjá, ó lè da yàrá ìsàlẹ̀ ọkàn rú lójú ẹsẹ̀, ara tí ó tutù sì ni ó ń tètè wọ̀. Ẹ wo ibi àlùwàlá mọ́ṣáláṣí yín: ṣé wáyà pọ́ǹpù omi kò bó? Ṣé súìṣì kò sí níbi tí ọwọ́ tútù lè kàn? Bí iná bá gbé ẹnì kan, ẹ kọ́kọ́ pa iná láti orísun kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Bí ènìyàn bá ṣubú tí kò sì mí

Ẹ pè é, ẹ gbọn èjìká rẹ̀. Bí kò bá dáhùn, tí kò sì mí, tàbí tí ó kàn ń mí gúlegúle lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ ní kí ẹnì kan wá mọ́tò, kí ẹlòmíràn pe ọsibítù. Ẹ tẹ́ ẹ sí ilẹ̀ líle. Ẹ kúnlẹ̀ tì í, ẹ fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ kan lé àárín àyà, ẹ gbé ọwọ́ kejì lé e, ẹ na apá yín tọ́ọ́rọ́, kí ẹ sì máa tẹ̀ ẹ́ wọlé tó bíi sẹ̀ǹtímítà 5 sí 6, ìgbà 100 sí 120 láàrin ìṣẹ́jú kan. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ẹ jẹ́ kí àyà náà padà sókè kí ẹ tó tún tẹ̀ ẹ́. Bí ó bá rẹ ẹnì kan, kí ẹlòmíràn gbà á. Ẹ má dáwọ́ dúró títí tí ìrànlọ́wọ́ yóò fi dé. Ẹ má sì ṣe sọ pé obìnrin ni, ọkùnrin ni. Níbi tí ẹ̀mí bá ti fẹ́ bọ́, àwọn àlùfáà wa ti kọ́ wa pé ìnira ńlá a máa ṣí ilẹ̀kùn tí ó wà ní títì.

Bàbá Ládánì ń kọ́?

Dókítà náà kò bínú. Ó pe nọ́ọ̀sì kan, ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ so ẹ̀rọ mọ́ òun níwájú Bàbá. Bàbá wò ó títí, wọ́n ní, “Ó dáa, ẹ wá so ó mọ́ mi.” Ìwé náà fi hàn pé iná òkè kò dé ìsàlẹ̀ mọ́ rárá. Ohun tí ó lè wò ó sàn ni pacemaker, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ àyà, tí ń ṣe iṣẹ́ agbohùn fún ọkàn. Kì í ṣe nǹkan tuntun. Ní ọdún 1958 ni wọ́n kọ́kọ́ fi irú rẹ̀ sínú ara ènìyàn ní orílẹ̀-èdè Sweden. Arne Larsson ni wọ́n fi sí lára. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ fún un, ó sì gbé ayé títí di ọdún 2001, nígbà tí ó di ẹni ọdún 86.

Owó rẹ̀ kò kéré. Àwọn ọmọ Bàbá mú tiwọn wá, àwa ọmọ ẹgbẹ́ sì gbé agbọ̀n ká lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ mẹ́ta. Lónìí, ohùn Bàbá ni ó ń jí wa ní Asùbáà. Wọ́n ṣì ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé òògùn dídákú tí àwa mọ̀ kò ju garawa omi lọ.

A ti yí ìyẹn padà. Ní mọ́ṣáláṣí wa báyìí, ènìyàn mẹ́fà, ọkùnrin mẹ́ta àti obìnrin mẹ́ta, ni Alhaja ti kọ́ bí a ṣe ń ka iṣan ọwọ́ àti bí a ṣe ń tẹ àyà. A rọ gbogbo ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ẹ tó ka ojú ewé tí ó kàn, ẹ fi ìka méjì lé ọrùn ọwọ́ yín, kí ẹ kà á fún ìṣẹ́jú kan, lẹ́yìn náà kí ẹ ka ti ìyá àti bàbá yín.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní àlàáfíà tí ó kárí, kí Ó sì má ṣe jẹ́ kí á fi àìmọ̀ pa ara wa. Àmín.